Bí Mo Ṣe Gbé Òkúta Orí Ààrò Dé Bremen

Ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ dé, ẹrù ọwọ́ rẹ̀ ni ará ilé kọ́kọ́ máa ń wò. Nígbà tí mo ti Jámánì dé lọ́dún 1997, àwọn ará Ìgàndò wo ọwọ́ mi títí, wọn ò rí bàtà, wọn ò rí aago. Òkúta dúdú tí mo gbé lọ náà ni mo gbé bọ̀, ó tiẹ̀ ti dín díẹ̀. Àwọn kan ní ìwé àkàjù ló ń dà mí láàmú. Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ eléyìí, kí n lè rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnu mi sì sinmi.

Kí ẹ sì tètè mọ̀ pé ojo ni mí. Ẹni tó bá ń wá ìtàn akọni, kó lọ síbòmíràn. Láti ọjọ́ tí mo ti jáde nílé títí dé ìlú tí omi ti ń dì lójú ọ̀nà, ẹ̀rù ni mo bá rìn.

*Ohun tó já bọ́*

Bàbá mi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí òkúta náà já bọ́. Ọ̀sán gangan ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Wọ́n gbọ́ ìró kan tó mú kí àwọn adìẹ sá wọ abẹ́ àká, kò pẹ́ sí i ni nǹkan dá òrùlé ilé ìdáná ìyá rẹ̀ lu, ó sì bọ́ sórí ààrò. Ìkòkò ọbẹ̀ fọ́ yángá. Kò sí ẹni tó fara pa.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iyùn ìyáálé ilé sọnù, wọ́n sì ti ń fojú burúkú wo ara wọn. Ilé mùsùlùmí ni ilé wa, a ń kírun, a ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìgàndò ìgbà náà, bí nǹkan bá ti òkè já lu ilé èèyàn, tọmọdé tàgbà ló mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ṣàngó kì í jà lásán. Olè ló ń bá jà, àti òpùrọ́. Orí ààrò ta ni òkúta bọ́ sí? Ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn oníṣàngó gẹ́gẹ́ bí àṣà, nítorí àwọn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti hú ẹdùn àrá nílé tí àrá bá ti jà, àwọn náà ló sì máa ń gbé e lọ. Àgbà wọn mú òkúta náà lọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e sílẹ̀. Wọn ò béèrè ètùtù, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn ará ilé ní ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà ló wúwo jù, tí Ṣàngó pàápàá fi kọ òkúta sílẹ̀ fún un. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá bàbá mi ti di ẹrù rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó gba ọ̀nà Àgbàdo lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí. Ibẹ̀ ló kú sí. Òkúta náà wà lábẹ́ ìkòkò ní kọ̀rọ̀ ilé, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ẹsẹ̀ bàbá mi ti ń wú, àwọn dókítà sì ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Ó pè mí sínú yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Rísíkátù, jọ́gíráfì lo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀gbẹ́dá. O mọ̀ nípa òkúta.”

“Díẹ̀ ni, Bàbá.”

“Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Jámánì, ṣé o ní ó mọ àwọn tó ń yẹ òkúta wò?”

“Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni, sà.”

“Gbé tiwa lọ fún un. Kó sọ ohun tó jẹ́. Bó bá fẹ́ gé e, kó gé e. Èmi ni mo rán ọ, orí èmi ni kó wà.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ jàre. Ó ti pẹ́.”

Ó ní, “Ọjọ́ tí ìyá mi ń lọ, ó na ọwọ́ sí mi kí n sìn ín dé ìta. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó máa ń fi àádùn ránṣẹ́ sí mi láti Àgbàdo, adìẹ ni mo máa ń dà á fún, torí mi ò fẹ́ jẹ nǹkan ọwọ́ olè. Wọ́n sin ín, mi ò lọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣe é re, kí n tó kú. Tí o bá dé, má parọ́ fún mi o.”

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù mi ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ àrá ni, ọmọ-ọmọ olè ni mí. Bí kì í bá ṣe àrá, èmi ni màá fi ẹnu ara mi sọ fún arúgbó tó ń ṣàìsàn pé lórí asán ló kọ ìyá tó bí i. Èwo ni kí n gbàdúrà fún nínú méjèèjì? Mi ò mọ̀, mo kàn ń gbàdúrà ṣá.

*Lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè*

Mo fi ìró ìyá mi we òkúta náà, mo tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́. Ó wúwo ju bó ti tóbi lọ. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, mi ò gbé ẹsẹ̀ lé e, mi ò sì jẹ́ kó jìnnà sí mi. Mò ń bẹ̀rù kó má bínú, mo tún ń bẹ̀rù kó má sọnù. Nígbà tí ọkọ̀ náà gbọ̀n nínú ìkùukùu, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti ń fẹ́ padà síbi tó ti wá. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé.

Ẹ rántí pé orúkọ ìlú wa kò dára nílẹ̀ òkèèrè nígbà náà. Bí wọ́n bá ti rí ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á ní kó yà sápá kan. Wọ́n ní kí n yà sápá kan. Aṣọ́bodè kan tú ìró náà, ó fi ìka kan òkúta, ó fi kọ́kọ́rọ́ gbá a.

“Kí ni èyí?”

“Òkúta ni, sà.”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Mi ò mọ̀. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn.”

Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, ó pe ẹlòmíràn, ẹni yẹn sì mú ajá wá. Mo jókòó nínú yàrá funfun kan, mo ń ro bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ nílé pé wọ́n ti mọ́ mi mọ́lé nítorí òkúta olè. Ajá náà gbóòórùn rẹ̀ yíká, ó tún gbóòórùn èmi náà, lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ mi ó sì yán. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dá òkúta padà, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bá mi we ìró náà bí ẹní ń di ọmọ.

*Ìlú tí òkúta ti ń jẹ́ orúkọ*

Bùkọ́lá ló wá pàdé mi. A jọ kàwé ni, ó sì ti pẹ́ tó wà ní Bremen tó fi jẹ́ pé ó máa ń dúró de iná pupa lójú títì tí kò sí mọ́tò kankan. Èmi fẹ́ sọdá, ó fà mí láṣọ. “Jọ̀ọ́, dúró. Wọ́n ń wò wá.” Mo wo ẹ̀yìn, lóòótọ́ ni ìyá àgbàlagbà kan ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ mi sun.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù níbẹ̀ ni ìdákẹ́rọ́rọ́. Mo wọ ọkọ̀ wọn láàárọ̀, mo ní “ẹ káàárọ̀ o” lédè òyìnbó, gbogbo èèyàn gbójú sókè, wọ́n sì tún gbójú sílẹ̀. Ọmọdé kan ń wo ọwọ́ mi àti àtẹ́lẹwọ́ mi bóyá àwọ̀ kan náà ni. Mo wá lóye ohun tí ojú ìyá bàbá mi rí ní Àgbàdo. Kí èèyàn wà láàárín èrò kó má sì sẹ́ni tó mọ ilé bàbá rẹ̀, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn náà níwà. Onílé Bùkọ́lá se ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lóko kí òtútù kọ́kọ́ pa á kí wọ́n tó já a, wọ́n ní ìgbà náà ló ń dùn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é. Nígbà tó gbọ́ pé mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kò bínú, kò sì bi mí léèrè. Ó wá ìkòkò tuntun, ó fi bọ́tà àti àlùbọ́sà se tèmi lọ́tọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó korò díẹ̀, ó jọ ewúro tí wọn ò fọ̀ tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bùkọ́lá mú mi lọ wo ère kan nínú ọgbà. Dókítà ni ọkùnrin náà, nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ó ń tọ́jú aláìsàn lójúmọmọ, bó bá di alẹ́ yóò gun òkè ilé rẹ̀ lọ wo ọ̀run. Lóṣù kẹta ọdún 1807 ló rí àmì kékeré kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Àpáta ńlá kan ni, ó ń yí oòrùn po ní àlàfo tó wà láàárín Máàsì àti Júpítà, níbi tí irú rẹ̀ kéékèèké pọ̀ sí. Kò sọ ọ́ lórúkọ fúnra rẹ̀, ó fi ìsọmọlórúkọ náà ta ọ̀dọ́kùnrin onímọ̀ ìṣirò kan lọ́rẹ. Ìyẹn ló pè é ní Vesta.

Mo ní, “Ìlú tí wọn kì í kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n ń sọ òkúta lórúkọ.”

Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín. “O ti bẹ̀rẹ̀ o. Vesta, òrìṣà kan nílẹ̀ Róòmù láyé àtijọ́ ni. Òun ló ni iná ààrò.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mi ò sọ fún un pé orí ààrò ni tiwa bọ́ sí. Mo kàn ní òtútù ń mú mi, ká máa lọ sílé.

*Ayùn*

Ìyáàfin Renate, ọ̀gá Bùkọ́lá, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti ń hewú ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba òkúta náà lọ́wọ́ mi, ìyẹn sì fi ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ó fi awò wò ó. Ó ní èèpo dúdú tó ń dán lára rẹ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ ló sun ún bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń já bọ̀, nítorí ó ń sáré ju ọta ìbọn lọ. Lẹ́yìn náà ló ní òun máa gé díẹ̀ níbẹ̀.

“Bàbá mi ti fàṣẹ sí i,” ni mo wí.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tó bá fọ́ òkúta yẹn, ilé rẹ̀ ló fọ́. Nígbà tí ayùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo di etí, mo ń ka Áyátúlí Kúrísíyù, mo sì ń rí bàbá mi lórí ibùsùn rẹ̀ ní Ìgàndò tó ń gbé ọwọ́ sí àyà. Mo bẹ Bùkọ́lá pé ká tẹ ilé aládùúgbò wa tó ní fóònù láago. A gbìyànjú títí, kò wọlé. Ọjọ́ mélòó kan la fi ń gbìyànjú, kò wọlé. Bí Bùkọ́lá bá ti ibi iṣẹ́ dé, ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Nígbà tí Ìyáàfin Renate pè wá padà, ó gbé èyí tó gé síwájú mi. Inú òkúta náà kò dúdú rárá. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, bí ìdí ààrò tí iná ti kú.

Ó ní òkúta náà ti yọ́ rí, ó ti ṣàn bí epo gbígbóná, kó tó dì. Ó ní irú rẹ̀ wà láyé níbi tí òkè ti ń pọ iná, ṣùgbọ́n ti ayé kọ́ ni èyí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá tayé mu. Àwọn onímọ̀ ti gbé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara Vesta bọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń ti ara irú òkúta bẹ́ẹ̀ bọ̀, wọ́n sì bá ara wọn mu. Láìpẹ́ sígbà náà ni awò ńlá kan tí wọ́n gbé sójú òfuurufú ya àwòrán Vesta, wọ́n sì rí ọgbun kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó fẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó tó ìbú Vesta fúnra rẹ̀.

“Báwo ni Vesta ṣe tóbi tó?” ni mo bi í.

Bùkọ́lá ló dá mi lóhùn. “Tí o bá fa ìlà tààrà láti Èkó dé Àbújá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbòòrò.”

Mo gbìyànjú láti rò ó: àpáta tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó tó parí ní Àbújá, nínú òkùnkùn, tó ń yí bí òkòtó, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mọ́ tó sì ń ṣú nínú wákàtí márùn-ún ó lé díẹ̀. Àpáta mìíràn wá kọlù ú, ó gbẹ́ ihò ńlá sí i nídìí, àwọn ẹ̀rún sì fọ́n káàkiri. Ọ̀kan nínú ẹ̀rún wọ̀nyẹn ló wà níwájú mi lórí tábìlì.

“Ìgbà wo ló kúrò níbẹ̀?”

“Kí èèyàn kankan tó wà láyé,” ni Ìyáàfin Renate wí.

Ó wá bi mí báwo ló ṣe dé ọwọ́ wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀, iyùn tó sọnù, ìyá bàbá mi, Ṣàngó. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwọn tó mọ̀ nípa òkúta àrá nílùú yín, ṣé wọn ò wá wò ó?”

“Wọ́n wá. Wọ́n gbé e wò, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n lọ.”

“Bó bá jẹ́ tiwọn ńkọ́?”

“Wọn ìbá gbé e lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi kí èmi fúnra mi tó gbọ́ ọ. Àgbà oníṣàngó yẹn ti dájọ́ láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe tiwọn, ló ṣe fi í sílẹ̀. Àwa la sọ àìgbé e lọ di ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù. Ẹ̀rù tó bà mí nínú yàrá náà ju ti aṣọ́bodè lọ, nítorí mo ti wá mọ ohun tí mo máa gbé relé.

*Àmì kan*

Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo padà, ìkùukùu là. Níbẹ̀, ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí wọ́n tó jáde lẹ́nu iṣẹ́. Ìyáàfin Renate mú wa gun òkè ilé, ó ṣètò awò kan tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, ó ní kí n wo Vesta. Mo retí ohun ńlá. Àmì funfun kan lásán ni mo rí, kò tó orí abẹ́rẹ́, kò ṣẹ́jú. Mo wò ó títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò mọ Ìgàndò. Kò mọ olè, kò mọ olóòótọ́. Ara mi bu máṣọ, mo sì sọ fún wọn pé kí a sọ̀ kalẹ̀.

*Ilé*

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ dé. Nígbà tí ọkọ̀ tó gbé mi kọjá Ìkòtún tó dé àdúgbò wa, mo rí èrò lẹ́nu ọ̀nà wa, àwọn ọkùnrin nínú agbádá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ní ó ti parí. Mo gbàgbé pé ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ló yà kí Bàbá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ó wà láàárín wọn, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí. Ó ní, “O káàbọ̀,” kò sì bi mí ní nǹkan kan títí gbogbo wọn fi lọ.

“Ṣé àrá ni?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ta ló wá rán an?”

“Kò sẹ́ni tó rán an, sà. Ó ti kúrò níbi tó ti wá kí wọ́n tó dá èèyàn.” Mo sọ nípa Vesta fún un, mo sọ nípa ọgbun, mo sọ nípa àgbà oníṣàngó tó gbé e sílẹ̀. Mo ní, “Ṣùgbọ́n kò sọ pé ẹni báyìí ló jí iyùn tàbí pé kò jí i. Òkúta ò mọ̀.”

Mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Lẹ́yìn náà ló ní, “Òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n ní.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kò wá sí ẹlẹ́rìí rárá nìyẹn.”

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Wọn ò sọ fún wa pé ẹni tó gba irọ́ gbọ́ lè ṣì wà níbẹ̀, kó ti darúgbó. Bàbá mi bo ojú rẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún rí láyé mi.

*Àgbàdo*

Ó ní ká gbé òun lọ síbẹ̀. Mo bi í bóyá ká mú òkúta dání. Ó ní kí ni yóò lọ ṣe níbẹ̀, ṣebí kò mọ ìyá òun rí.

Mo háyà mọ́tò. Ní Ìyànà Ìpájà, ó ní kí ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa mọ́tò náà dúró, ó ní kí n ra àádùn. Mo rò pé ebi ló ń pa á. Ní gbogbo ọ̀nà, bó bá ti dákẹ́ jù, màá yíjú wò ó bóyá ó ṣì ń mí.

A wádìí títí a fi rí ilé náà. Alhaja arúgbó kan ló jáde sí wa, ọmọ obìnrin tó gba ìyá bàbá mi sílé nígbà náà ni. Ó fi ibojì hàn wá lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti gbálẹ̀ ibẹ̀. Ó wojú Bàbá dáadáa.

“Ẹ̀yin ni ọmọ rẹ̀ tó ń yí àádùn ránṣẹ́ sí, àbí?”

“Èmi ni, ìyá.”

“Inú rẹ̀ máa ń dùn ṣá. Ẹni tó ń bá a gbé e lọ máa ń sọ fún un pé ẹ jẹ ẹ́ tán, pé ẹ ní kó ṣeun.”

Bàbá bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, ó tú ewé àádùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Mo ní kó rọra, pé dókítà ní kó má jẹ epo púpọ̀. Kò gbọ́ tèmi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀, ó ká ewé náà sọ́wọ́.

Ó ní, “Ìyá mi, mo jẹ ẹ́ tán. Ẹ ṣeun.”